Ẹni Tó Dákú Kò Lè Bẹ̀bẹ̀: Àlàyé lórí Ohun Tó Ń Ṣe Ẹni Tí Kò Mọ Ara Rẹ̀ Mọ́, àti Ohun Tí Òfin Ní Ká Ṣe Fún Un

Nínú gbogbo aláìsàn tí wọ́n ń gbé dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹni tó ti dákú nìkan ni kò lè bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lè ké, aboyún tó ń rọbí lè sọ orúkọ ọkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibi tó wà mọ́ kò lè sọ ohun tó ń ṣe é, kò lè sọ oògùn tó máa ń lò, kò sì lè ṣèlérí fún akọ̀wé owó pé òun yóò san tó bá di ọ̀la. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti di ti àwọn tó bá a lójú ọ̀nà, ti àwọn ará ilé, ti awakọ̀ tó gbé e, àti ti nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ rí i. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn tó ń lọ ní Nàìjíríà, lórí àwọn ilé ìwòsàn tó ń béèrè owó àsansílẹ̀ tàbí ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn pàjáwìrì, fi kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láti ọdún 2014. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí òfin, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹni tó dákú, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, kí ilé ìwòsàn tó dé ọ̀rọ̀ náà rárá, ló sábà máa ń pinnu bóyá onítọ̀hún yóò jí.

Bí obìnrin kan bá ṣubú níbi òde nítorí pé oòrùn pa á, tí kò sì tíì jẹun láti àárọ̀, a ó ní ó dákú. Bí ọlọ́kadà bá fi orí gbá títì, tí kò lajú fún ọjọ́ mẹ́ta, a ṣì máa ń ní ó dákú. Ọ̀nà jìn sí ara wọn láàárín ipò méjèèjì. Ohun méjì ni àwọn oníṣègùn ń wò láti fi ìyàtọ̀ sí i: àkọ́kọ́ ni bóyá ojú ẹni náà là, èkejì ni bóyá ó mọ ara rẹ̀ àti ohun tó yí i ká. Ẹni tó sùn kò mọ ohun tó ń lọ, ṣùgbọ́n bí a bá fọwọ́ tọ́ ọ, yóò jí. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn akunlóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un kò ní í jí bí a tilẹ̀ là á níkùn, ìdí sì nìyẹn tí oníṣègùn kan kò fi ní iṣẹ́ mìíràn nínú yàrá náà ju kó máa ṣọ́ èémí rẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ọmọ tí gìrì mú lè lajú sílẹ̀ rangandan, síbẹ̀ kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà nínú kòmá kò lajú, kò sì ṣeé jí. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ti jáde kúrò nínú kòmá, tí ojú wọn ń là tó ń pa dé, ṣùgbọ́n tí kò sí àmì kankan pé wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan wà níwájú wọn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ ni dídákú lásán, òun náà ló sì rọrùn jù láti tọ́jú. Ẹni tó dúró pẹ́ nínú oòrùn, ẹni tí ebi tàbí òùngbẹ ń pa, ẹni tí ẹ̀rù bà lójijì tàbí tó rí ẹ̀jẹ̀, lè bá ara rẹ̀ nínú ipò tí ọkàn rẹ̀ yóò ti rọra máa lù, tí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ yóò ti fẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ yóò sì wọ́ lọ sí ẹsẹ̀. Ọpọlọ tó wà lókè kò rí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Òòyì á kọ́ ọ, ojú rẹ̀ á ṣú, òógùn tútù á bò ó, á sì ṣubú. Ìṣubú yẹn gan-an ni ara fi ń wo ara rẹ̀ sàn, nítorí pé bí orí àti ọkàn bá ti wà lórí ìlà kan náà, ẹ̀jẹ̀ yóò tún dé ọpọlọ, ẹni náà yóò sì jí kí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tó pé. Ó máa ń dùn mí láti rí àwọn ènìyàn rere tí wọ́n ń sáré gbé ẹni tó dákú jókòó tàbí nàró, tí ọkùnrin méjì ń fi apá gbé e dúró kó má bàa kan ilẹ̀ mọ́. Ṣe ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ọpọlọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ tú ohun tó bá fún un lọ́rùn àti níkùn, ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, aboyún tàbí ẹni tó ní àrùn ọkàn, tàbí bó bá jẹ́ pé ibi eré sísá tàbí iṣẹ́ agbára ló ti ṣubú, ó gbọ́dọ̀ rí dókítà bí ó tilẹ̀ jí kíákíá.

Bí ìṣẹ́jú méjì bá kọjá tí kò jí, kì í ṣe dídákú lásán mọ́. Ọpọlọ kò ní àkójọ afẹ́fẹ́ tàbí ṣúgà tó lè máa lò bí èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé wá bá dáwọ́ dúró. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 tí ọkàn bá ti dáwọ́ lílù, ọpọlọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ohun tó lè fa irú àìmọra tó le bẹ́ẹ̀ pọ̀: orí tó gbá nǹkan nínú jàǹbá ọkọ̀, àrùn rọpárọsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ jù, májèlé, ọtí àmupara, ibà tó ti wọ ọpọlọ, àti ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ alárùn àtọ̀gbẹ tó lo oògùn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò jẹun. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ, nítorí pé kí onítọ̀hún tó dákú, á kọ́kọ́ máa sọ ìsọkúsọ, á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, á sì máa làágùn, tí àwọn tó ń wò ó yóò fi rò pé ó ti mutí yó. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ohun mímu tó ní ṣúgà. Bí kò bá lè gbé e mì mọ́, ilé ìwòsàn nìkan ló kù.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èéfín jẹnẹrétọ̀, nítorí pé ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná kì í dúró, kò sí àdúgbò tí kò mọ ìtàn ìdílé tó sùn lálẹ́ tí wọn kò jí láàárọ̀. Nínú èéfín yẹn ni carbon monoxide wà, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí a bá mí i símú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ọn sì ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ káàkiri ni kò rí ohun gidi gbé lọ fún ọpọlọ. Orí fífọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà èébì, lẹ́yìn náà oorun. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ̀ rárá pé oorun òun ti yí padà di ohun mìíràn. Fèrèsé tó ṣí díẹ̀ kò tó ààbò bí jẹnẹrétọ̀ bá wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́bàá ògiri yàrá. Ó gbọ́dọ̀ wà ní ìta gbangba, jìnnà sí ibi tí ènìyàn sùn sí. Ẹni tó bá wọlé bá àwọn tó ti dákú nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kó sì wọ́ wọn jáde kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, nítorí pé afẹ́fẹ́ kan náà lè gbé òun náà ṣubú.

Àṣà wa ni pé bí ẹnìkan bá dákú, àwọn ènìyàn á máa pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan. Wọ́n á pe orúkọ àbísọ rẹ̀, wọ́n á kì í ní oríkì, wọ́n á ní kó dáhùn, kó má lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń wo èyí bí ohun àtijọ́ tí kò wúlò, ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì nìyẹn káàkiri ayé: ẹ pè é sókè, ẹ fọwọ́ gbá a ní èjìká, ẹ wò ó bóyá yóò dáhùn. Ohun tó burú nínú àṣà náà ni ogunlọ́gọ̀ tó máa ń yí aláìsàn ká tí afẹ́fẹ́ kì í fi í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti pé ariwo náà máa ń gba gbogbo àkókò tó yẹ kí a fi wo èémí rẹ̀. Lọ́dún 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ méjì ní Glasgow ní Scotland, ṣe ìwọ̀n kan tí àwọn dókítà ń lò títí di òní. Wọ́n ń fún aláìsàn ní máàkì lórí bí ojú rẹ̀ ṣe ń là, èyí tó ga jù jẹ́ 4. Lórí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, èyí tó ga jù jẹ́ 5. Àti lórí bí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dáhùn, èyí tó ga jù jẹ́ 6. Ẹni tí ara rẹ̀ dá gba 15, èyí tó kéré jù jẹ́ 3, ẹni tó bá sì gba 8 tàbí tó kéré sí i ti wà nínú ewu pé kò lè dá ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ bò. Nítorí pé ọmọdé tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ kò ṣeé wọ̀n báyìí, àwọn oníṣègùn tó ń tọ́jú ibà ní Blantyre, ní orílẹ̀-èdè Màláwì, ṣe ìwọ̀n tiwọn fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, láti 0 sí 5. Àwọn dókítà àwọn ọmọdé mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé àrùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọ̀fun yìí ló yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Bí ènìyàn bá dákú, gbogbo iṣan ara rẹ̀ á dẹ̀, títí kan ahọ́n. Bó bá dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ahọ́n lè ṣubú sẹ́yìn kó dí ọ̀nà èémí, bó bá sì bì, èébì náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró nítorí pé ikọ́ tó yẹ kó lé e jáde ti sùn. Nítorí náà, ẹni tó dákú tó ń mí dáadáa gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́: ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ká orúnkún ẹsẹ̀ òkè kó lè gbé ara rẹ̀ dúró, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ kan sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ohunkóhun tó bá wà lẹ́nu lè ṣàn jáde. Bó bá jẹ́ pé ó já láti orí igi tàbí pé ọkọ̀ ló gbá a, ẹ má ṣe fa ọrùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ yí orí àti ara rẹ̀ papọ̀. Ẹ má ṣe bu omi sí i lẹ́nu. Ẹ má ṣe fún un ní àgbo, epo pupa tàbí mílíìkì, kódà bí ẹ bá rò pé májèlé ló jẹ. Omi tí a wọ́n sí ẹni lójú kò ṣe ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n omi tí a rọ sí ọ̀fun ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lè pa á.

Bí kò bá mí, tàbí bó bá ń mí gúlegúle bí ẹni pé ó fẹ́ kú, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀gbẹ́ fífi sí. Àyà rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ líle, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn ní àárín àyà rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 bó bá jẹ́ àgbàlagbà, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó kọ́ ọ máa ń tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 30 kó tó fẹ́ èémí sí i lẹ́nu ní ìgbà méjì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́ ọ rí lè máa tẹ àyà nìkan láì dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ó rẹni, ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni gìrì ọmọdé. Ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún lè ní gìrì bí ara rẹ̀ bá gbóná jù, ohun yòówù kó fa ìgbóná náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í pé ìṣẹ́jú 5, kì í sì í ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà nínú kí ìyá rí ọmọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí ẹnu rẹ̀ ń yọ ìfófòó, kì í ṣe ohun kékeré, inú ẹ̀rù yẹn sì ni àwọn ìtọ́jú tó léwu ti ń wọlé. Àwọn kan á ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná títí tí yóò fi bó. Àwọn kan á fún ata tàbí àlùbọ́sà sí i lójú. Àwọn kan á fi kẹrosíìnì pa á lára. Èyí tó ti pa ọmọ jù nínú wọn ni àgbo ìtọ̀ màálù. Ìtọ̀ màálù ni wọ́n fi ń rẹ ewé tábà, efinrin, ààyù àti àlùbọ́sà, pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, wọ́n á gbé e pamọ́ títí di ọjọ́ tí gìrì bá dé, wọ́n á wá rọ ọ́ sí ọmọ tí kò lè gbé nǹkan mì lẹ́nu.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí àgbo yìí dáadáa ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ohun tí wọ́n sì rí kò fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì. Ó ń fà èémí sílẹ̀, ó ń fà iṣẹ́ ọkàn sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni oró ewé tábà fúnra rẹ̀ lè fa gìrì. Ọmọ tí gìrì rẹ̀ ìbá ti dá fúnra rẹ̀ á wá wọ inú kòmá nítorí oògùn tí wọ́n ní yóò jí i. Bó bá dé ilé ìwòsàn, kò rọrùn fún dókítà láti mọ èyí tí ibà fà àti èyí tí àgbo fà, pàápàá bí àwọn òbí bá bẹ̀rù láti sọ òtítọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún egbòogi ilẹ̀ wa àti fún àwọn àgbà tó mọ ewé, mo sì gbà pé ìfẹ́ ọmọ ló ń mú kí ìyá àgbà tọ́jú ìgò yẹn sábẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìgò yẹn ṣì wà nínú ilé kankan lónìí.

Ìdí mìíràn tí kò fi yẹ kí a fi àkókò ṣòfò lórí gìrì ni pé nílẹ̀ wa, ènìyàn kò lè fi ojú lásán mọ gìrì ìgbóná ara yàtọ̀ sí ti ibà tó ti wọ ọpọlọ. Nàìjíríà nìkan ló ní ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ikú tí ibà ẹ̀fọn ń fà lágbàáyé gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú. Nínú irú ibà tó le yìí, ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà ti wọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ, ọmọ náà kò sì ní jí lẹ́yìn gìrì. Abẹ́rẹ́ artesunate ni àjọ náà fọwọ́ sí fún un. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tó wà ní abúlé tó jìnnà sí ilé ìwòsàn, wọ́n fọwọ́ sí artesunate tí a ń fi sí ihò ìdí kí wọ́n tó máa gbé e lọ, nítorí pé ọmọ tó dákú kò lè gbé oògùn mì. Ọmọ tó ní gìrì tó sì jí padà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí kò jí kò gbọ́dọ̀ dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Wárápá yàtọ̀ sí gìrì ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí wọn jọra. Nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló ní in káàkiri ayé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní bí ìtọ́jú bá wà, ó ṣeé ṣe kí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn gbé ayé wọn láìsí pé ó ń gbé wọn ṣubú. Itọ́ ẹni tó ní wárápá kì í ran ẹnikẹ́ni. Nítorí ìgbàgbọ́ pé ó ń ràn ni àwọn ènìyàn fi ń sá fún un lójú títì, tí wọ́n á fi sílẹ̀ nínú kòtò tàbí lẹ́bàá iná. Bákan náà, ènìyàn kò lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì, nítorí náà ṣíbí tí wọ́n ń ki bọ̀ ọ́ lẹ́nu kò ṣe é láǹfààní kankan. Eyín ló ń kán, ìka ẹni tó ń kì í bọ̀ ọ́ náà sì lè gé. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ tìmùtìmù sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ má ṣe dì í mú, ẹ wo aago. Bí gbígbọ̀n náà bá dá, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí bí òmíràn bá tún bẹ̀rẹ̀ kó tó jí, ẹ gbé e lọ.

Ẹni tó sì wà nínú kòmá ńkọ́, tí àwọn ará ilé ń jókòó tì? Ìmọ̀ tuntun wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbọ́. Lọ́dún 2006, Adrian Owen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ fún obìnrin kan tí jàǹbá ọkọ̀ ti sọ di ẹni tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn fún oṣù púpọ̀ pé kó rò ó lọ́kàn pé òun ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́nísì. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ fi hàn pé ibi tó ń tan nínú ọpọlọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà fún. Nínú oṣù Ògún ọdún 2024, ìwádìí tó tóbi jù ìyẹn lọ jáde: nínú àwọn aláìsàn 241 tí wọn kò dáhùn sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, 60 ló ń gbìyànjú láti ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe, ọpọlọ wọn ló fi í hàn, ara wọn ni kò lè ṣe é. Ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó wà nínú kòmá ló ń gbọ́ràn, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀ ó tó láti mú kí àwọn ará ilé máa bá ènìyàn wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì jáde kúrò nínú yàrá náà bí wọ́n bá fẹ́ jiyàn lórí owó ilé ìwòsàn tàbí lórí ogún.

Ó wá ku òfin. Apá 20 nínú Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù lọ́dún 2014, sọ pé oníṣègùn, òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ohun yòówù yẹn kó owó mọ́ ọn, ó sì kó ìwé ọlọ́pàá mọ́ ọn. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000, tàbí kó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kó gba méjèèjì. Lójú tèmi, ìtanràn náà kéré jọjọ; láwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ìlú ńlá, kò tó owó tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó fún aláìsàn ní bẹ́ẹ̀dì.

Àṣà bíbéèrè ìwé ọlọ́pàá ní orísun. Òfin tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1984 lórí ìdigunjalè àti ohun ìjà sọ pé ilé ìwòsàn tó bá tọ́jú ẹni tí ìbọn bà gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí lójú ẹsẹ̀. Fífi tó wọn létí ni òfin náà sọ, kò sọ pé kí wọ́n dúró de àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé ọlọ́pàá lè mú dókítà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú olè mú kí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sọ ọ́ di pé kí ìwé kọ́kọ́ dé kí ọwọ́ tó kan ọgbẹ́, nígbà tó yá wọ́n sì nà án dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní jàǹbá ọkọ̀, tí ọ̀rọ̀ ìbọn kò kàn rárá. Ní ìparí ọdún 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin mìíràn tó dá lórí ìtọ́jú àwọn tí ìbọn bà. Òfin yìí là á mọ́lẹ̀ pé ilé ìwòsàn yóò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, yálà ó san owó àkọ́kọ́ tàbí kò san, pé wọ́n yóò sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìròyìn ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà tán lẹ́nu géètì kò tíì tán nínú ìwé ìròyìn.

Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu àwọn ilé ìwòsàn náà. Ẹni tó dákú tí wọ́n gbé sílẹ̀ tí ẹni tó gbé e wá sì yọ́ lọ jẹ́ gbèsè tí kò ní orúkọ. Oògùn, ẹ̀jẹ̀ àti ọ́síjìn tí wọ́n lò fún un, owó ni wọ́n fi rà á. Àwọn tó ṣe òfin 2014 mọ èyí, wọ́n sì ya owó kan sọ́tọ̀ láti inú àpò ìjọba àpapọ̀, tí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wà fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọdún 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ wọ inú ìwé ìṣúná, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kí ilé ìwòsàn máa gba gbogbo ènìyàn. Nísinsìnyí, ètò ìtọ́jú pàjáwìrì àti ọkọ̀ pàjáwìrì ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní NEMSAS, ló wà láti máa san owó náà fún ilé ìwòsàn fún wákàtí 48 àkọ́kọ́. Níbi tí ètò yìí bá ti dé ní tòótọ́, tí owó náà sì ń tètè wọlé, ilé ìwòsàn kò ní ìdí láti ti géètì. Níbi tí kò bá tíì dé, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ló yẹ kí a máa bi léèrè, kì í ṣe nọ́ọ̀sì tó wà lórí iṣẹ́ lóru nìkan.

Nọ́ńbà tí a ń pè fún pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Ní Èkó, 767 náà wà. Bó bá jẹ́ jàǹbá ọkọ̀, 122 ni ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Ẹni tó bá gbé aláìsàn lọ lè ṣe é lóore ńlá bó bá lè sọ ohun mẹ́ta fún dókítà: aago mélòó ló ṣubú, ohun tó ń ṣe kó tó ṣubú, àti ohun tí a ti fún un mu, títí kan àgbo. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, wárápá tàbí àrùn ọkàn kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan sínú àpò owó rẹ̀, kó sì fi nọ́ńbà ènìyàn rẹ̀ kan sí ibi tó ṣeé rí lórí fóònù láìjẹ́ pé a tú títì rẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá kọ aláìsàn pàjáwìrì, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀, ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Ìwé Ẹ̀tọ́ Àwọn Aláìsàn tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 2018 ka ìtọ́jú pàjáwìrì mọ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, sì ń gba ẹ̀sùn lórí rẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, HEFAMAA ni àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé ìwòsàn, ó sì lágbára láti ti èyí tó bá rú òfin pa.